Ọ̀fun Ló Máa Ń Gbẹ̀yìn

Dókítà Olókùú làwọn aládùúgbò ń pe ọ̀gá mi. Wọ́n á rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á yà sọ́nà míì. Àmọ́ tí ikú èèyàn wọn bá rú wọn lójú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń sáré wá. Ọmọ aráyé ò ṣeé tẹ́ lọ́rùn! Èmi tí mo máa ń fi abẹ́rẹ́ rán òkú pa dà tó bá là á tán, mo mọ obìnrin yìí bí ẹni mowó. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í kánjú, kì í sì í parọ́ láti fi tu alààyè nínú.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ tipẹ́. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún ọlọ́pàá pé ìyàwó ló fún un ní májèlé jẹ, ìyàwó sì ti wà látìmọ́lé. Ara ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé òkú wá ò balẹ̀.

"Dókítà, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Májèlé ni. Ẹ ṣáà bá wa fọwọ́ sí i."

"Ṣé ìwọ lo fún un jẹ ni?" Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ wojú rẹ̀.

Ó yẹ inú wò, ó yẹ ọkàn wò, kò rí nǹkan kan tó jọ májèlé. Ọ̀fun ló máa ń fi sẹ́yìn, torí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ro kúrò níbẹ̀ kí ojú tó lè ríran dáadáa. Ibẹ̀ ló ti bá a: ègé ẹyin sísè kan dí ọ̀nà tí èémí ń gbà. Ó mí kanlẹ̀.

Ìyá òkú wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá mi jókòó tì í, èmi náà dúró tì wọ́n.

"Màmá, ta ló fún un lẹ́yin jẹ?"

"Èmi ni. Ìyàwó yẹn ní a ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ lórí ìdùbúlẹ̀, àfi ká kọ́kọ́ gbé e jókòó. Mo ní ebi ló fẹ́ fi pa ọmọ mi. Bó ṣe jáde báyìí, mo bó ẹyin, mo fi sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó sì sùn."

"Kò sùn, Màmá. Ẹyin yẹn ló há sí i lọ́fun."

Ìyá náà wò mí bíi pé kí n bá òun já a nírọ́. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Àánú rẹ̀ ṣe mí dọ́kàn. Ó di etí aṣọ dókítà mú.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kọ ọ́ pé májèlé ni."

"Ìyàwó yín wà látìmọ́lé, Màmá."

"Mo mọ̀."

Ọ̀gá mi rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó wọlé, ó sì kọ ọ́ pé ẹyin ni.