Aṣọ́lé Tí A Fi Ikú Rẹ̀ Pamọ́

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo kó dé Òkè-Ogbó ní Ilé-Ifẹ̀, tí mo gba yàrá kan nílé bàbá kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Olùkọ́ tuntun ni mí nígbà náà. Ṣòkòtò méjì péré ni mo ní, ṣùgbọ́n mo máa ń fi sítáàṣì sí wọn títí wọn ó fi lè dá dúró, mo sì gbà lọ́kàn mi pé kò sí ohun tó wà nínú ìwé tí n kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá rántí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lónìí, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Káfíńtà ni bàbá onílé mi kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣe aṣọ́lé, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní kípà, fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nínú ìlú. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì tó ti wọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀, ó sì máa ń nà wọ́n sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jiyàn. Awọ funfun ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ kékeré lè ṣí èyí tó wà ní ọ̀tún, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ jù, kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá ọjọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló rí nǹkan mìíràn ṣe lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti lọ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí rí, òkùnkùn ló bá padà wálé. Bàbá kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun o. Ó ní òun ṣì ń rò ó ni.

Inú páálí ìwé tí òyìnbó kan fi ta ilé ìwé wa lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀ ni mo ti rí ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ìtàn sáà bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ti ẹgbẹ́ kan ní ìlú àwọn ahunṣọ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé ìgbà tí ọmọ ọbabìnrin àgbà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí wọ́n bá sì parí síbẹ̀, wọn yóò já bọ́ sí ìpele kejì. Mo mú ìwé náà wálé láti fi gbádùn ìrọ̀lẹ́ kan. Bí bàbá ṣe gbọ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, ó ní kí n gbé àga mi wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti ilé ìwé dé tí mo sì jẹun tán, màá jókòó ti bàbá, màá ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, màá sì tún un sọ ní Yorùbá kí ìyá onílé náà lè gbọ́. Èéfín ilé iṣẹ́ ìhunṣọ máa ń bo pápá wọn, òjò máa ń pa bọ́ọ̀lù aláwọ wọn títí yóò fi wúwo bí òkúta, ṣòkòtò wọn sì gùn dé orúnkún. Oṣù ọyẹ́ ni tiwa. Bí oòrùn bá ti ń rẹ̀ sílẹ̀, tí eruku pupa dúró lójú afẹ́fẹ́, tí ohùn àwọn èèyàn tó ń ti oko bọ̀ ń dún láti ọ̀nà jíjìn, n kì í mọ ibi tí Òkè-Ogbó parí sí tí ìlú àwọn ahunṣọ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo máa ń rí àwọn ọkùnrin onírùnmú wọ̀nyẹn bí ẹni pé ojúlé kejì ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń so okùn bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé.

Lọ́jọ́ kan, mo ka ibi tí aṣọ́lé wọn ti fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù síwájú títí ó fi dé ìdajì pápá. Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí àga ṣubú.

“Irọ́ ni! Kí kípà máa fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù dé àárín pápá? Rẹfirí ńkọ́? Ṣé ojú tiẹ̀ náà ń ṣú ni?”

“Òfin ìgbà yẹn ló gbà wọ́n láyè, bàbá.”

“Ó gbà wọ́n láyè! Nígbà tèmi, tí mo bá ti yọ ìka kan péré kọjá ìlà, fèrè ti dún.”

Ìyá onílé ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni. Kò gbé ojú sókè. “Tíṣà, má dá a lóhùn. Abẹ́ ẹsẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń gbà kọjá lára ẹ̀. Ìdílé wa ṣì ń fi kọrin.”

“Ṣé o rí i?” ni bàbá sọ fún mi. “Kí wọ́n lè dákẹ́ orin yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ.”

“Wọn ò sì tíì dákẹ́,” ni ìyá dáhùn.

Ìyá kì í pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Mo kọ́kọ́ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló le fún un, mo sì fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Ó wò mí bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní ẹni tó bá ti wà láyé kí òun tó wọ ilé ọkọ òun, òun kì í pe orúkọ rẹ̀. Bàbá ti sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni gbogbo wọn, nítorí náà, ó fún wọn lórúkọ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Ọkùnrin kúkúrú tó ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán, ló pè ní Eyínfúnjowó. Aṣọ́lé tó ga ju gbogbo wọn lọ ló pè ní Agùntáṣọọ́lò. Ẹni tí bàbá fẹ́ràn jù nìyẹn. Ìwé sọ pé ọwọ́ ọkùnrin náà máa ń gbọ̀n kó tó wọ pápá, pé ó máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú omi tútù, yóò dé fìlà rẹ̀, yóò sì jáde.

Wọ́n tún dá ọjọ́ fún bàbá lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà sì kìlọ̀ pé òun kò ní dá ẹ̀kẹrin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá jẹ́ kí n kàwé tán, ó wá fọwọ́ kan eékún mi.

“Tíṣà, ọwọ́ Agùntáṣọọ́lò ń gbọ̀n, síbẹ̀ ó ń wọ pápá. Tó bá fi lè parí sáà yìí, èmi náà á wọ tèmi.”

Ọwọ́ ìyá dúró nínú ìrẹsì tó ń ṣà.

Mo máa ń ka ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọmọ kí n tó wọ kíláàsì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń ṣe pẹ̀lú ìwé yìí. Lọ́jọ́ kejì, lábẹ́ igi fúrúùtù ilé ìwé, nígbà tí àwọn ọmọ wà níbi eré, mo ṣí ojú ìwé tó kàn. Òjò pa Agùntáṣọọ́lò níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, òtútù mú un láyà, ó sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin kí sáà parí.

Mo pa ìwé náà dé. Nígbà tí mo délé, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà, mo bá ìyá lẹ́bàá kànga, mo sì sọ fún un. Ó gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀.

“Ṣé o ti sọ fún un?”

“Rárá, mà.”

“Ó dáa. Má sọ ọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà nìyẹn? Jẹ́ kó ti ilé ìwòsàn dé ná, ká wá pe èèyàn méjì sí i, ká rọra sọ ọ́.”

“Kí ni màá wá kà fún un, mà?”

“Jẹ́ kí Agùntáṣọọ́lò máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ.” Ó wá fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

Ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá onílé mi, àwa méjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé òkú rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà pa lẹ́rìn-ín nínú wa.

Fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣí ìwé sílẹ̀ tí mo ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo sì ṣe é ní àṣejù. Agùntáṣọọ́lò tèmi kò jẹ́ kí gólì kan wọlé mọ́. Ó mú bọ́ọ̀lù lókè, ó mú un nílẹ̀, lọ́jọ́ tí sáà parí ó mú pẹnáritì, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì já bọ́.

“Látọjọ́ yẹn, ẹyọ kan ò wọlé?”

“Ẹyọ kan ò wọlé, bàbá.”

“Ó mà wá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o.”

Mo rò pé ó ń yìn ín ni. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ara mi.

Bàbá lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo rí i lẹ́yìnkùlé tó ń fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó tún fọ̀ ọ́. Ojú ọ̀tún là. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n fún un ní gíláàsì kan tó nípọn bí ìdí ìgò, ohun àkọ́kọ́ tó sì bi mí ni pé, “Ìwé wa dà?”

N kò rò ó débẹ̀. Bàbá ka ìwé dé ìwé mẹ́fà. Mo wọ yàrá mi, mo yọ ìwé náà lábẹ́ aṣọ, mo ṣí i sí ojú ìwé burúkú yẹn, mo sì fi ìka méjì mú un létí. Èmi tí mo ń na ọmọ tó bá ya ìwé. N kò lè yà á. Mo gbé e fún un.

Àwòrán ló kọ́kọ́ wò, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fi ìka tó wọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Èmi náà ń ka ọjọ́. Mo ṣi ìṣirò kọ sójú pátákó níwájú àwọn ọmọ, ọmọbìnrin kan ló tún un ṣe fún mi.

Ọjọ́ náà pé. Mo wà nínú yàrá nígbà tí mo gbọ́ ọ. “Tíṣà!” Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá náà ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀rù ló bà wá.”

“Dìde. Ìwọ náà, dìde. Tíṣà, ibi tó dára jù nínú ìwé yìí lo fò.”

Ó tún gíláàsì rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún àwa méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó kà á pé ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀lé ikú náà, kò sí ẹni tó fẹ́ dúró sí ojú gólì, ni Eyínfúnjowó bá ní òun á dúró. Ó dé fìlà olóògbé, ó bò ó lójú. Gbogbo èrò pápá ṣí fìlà tiwọn, wọ́n dákẹ́ títí wọ́n fi ń gbọ́ pátákò ẹṣin ẹlẹ́rù kan lójú títì. Wọ́n pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Wọ́n já bọ́. Ní ọjọ́ tí sáà parí, nínú òjò, àwọn ará ìlú bá àwọn agbábọ́ọ̀lù rìn dé ẹnu ọ̀nà ìyá Agùntáṣọọ́lò láti kí i.

Nígbà náà ni ìyá onílé sunkún tó hàn síta. “Háà, Agùntáṣọọ́lò!” Bàbá ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, a sì ṣe àmín. Ó wá kọjú sí mi.

“O rò pé torí ó parí sáà ni mo ṣe lọ? Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é látọjọ́ tí o ní bọ́ọ̀lù ò wọlé mọ́. Kò sí kípà tí bọ́ọ̀lù kì í wọlé. Torí pé ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ni mo ṣe lọ.”

Mo dá ìwé náà padà sí ilé ìwé, nítorí ti ilé ìwé ni. Ó ti pẹ́ tí bàbá àti ìyá ti lọ sinmi. Mo ti dàgbà ju bàbá ìgbà yẹn lọ báyìí, ìtòsí Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà ni mo ń gbé, ojú tèmi náà sì ti ń ṣú. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù fún mi nínú fóònù rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn, ohùn rẹ̀ á já láàárín ọ̀rọ̀, á sáré bọ́ sí ibòmíràn, mo sì mọ̀ pé ó rí orúkọ ẹnì kan tó kú tí kò fẹ́ kí n gbọ́. Mo máa ń rọra fọwọ́ kan eékún rẹ̀, màá ní kó padà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ojú fún ẹlòmíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹ kà á fún wọn bó ṣe wà.