Ọjọ́ tí Orogún Mi Mọ Ọ̀nà Ìlú Òyìnbó
Ọjọ́ tí òyìnbó oníwàásù wá sí abúlé wa lẹ́bàá Mọ́níyà ni n kò lè gbàgbé láéláé. Ó fi eérú ya erékùṣù tí wọ́n ti bí i ní ilẹ̀ Dẹ́máàkì sí àgbàlá wa. Odẹ́nsè wà láàárín, Níbọ̀ọ̀gì wà létí òkun.

Ó bi wá pé, "Báwo ni ará Odẹ́nsè ṣe ń dé òdìkejì omi?"

Kí n tó lanu, Àṣàkẹ́ orogún mi ti dáhùn: "Á rìn dé Níbọ̀ọ̀gì, á wọkọ̀ ojú omi."

Ọkọ wa bú sẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́, o kúkú ti débẹ̀ rí!"

Mo ní, "Ẹni tó ń ṣìnà oko!"

Lọ́jọ́ kejì, kí ọmọ Àṣàkẹ́ tó jí, mo ti fa ọkọ wa lọ sílé ìwé òyìnbó, kí wọ́n lè kọ orúkọ ọmọ tèmi sílẹ̀ ṣáájú ti Àṣàkẹ́.