Awò Ìbọn Bàbá Mi àti Irọ́ Ràímì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ràímì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ láyé yìí. Àwọn mìíràn ti ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, títí kan ọkọ tí mo fẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ṣíwájú wọn. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ó sì yẹ kí n máa pè é ní Bùọ̀dá. Lójú rẹ̀, mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibí yìí kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí wa sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń rùn: èéfín, epo ìbọn, àti ẹran ọ̀yà tó ń gbẹ lórí ààrò. Èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń pọnmi, èmi náà ni mo ń lọ ata. Iṣẹ́ ti Ràímì ni kó máa jẹun kó sì máa dàgbà.

Bàbá mi ń ṣọ́ igbó fún òyìnbó kan tó ń gé gẹdú. Nígbà tí òyìnbó náà ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, ó fún Bàbá ní awò ìbọn méjì, irú èyí tí wọ́n ń dè mórí ìbọn kó lè fa ẹran tó jìnnà wá sítòsí ojú. Ọ̀kan tóbi, ó ń dán. Èkejì kéré, ara rẹ̀ ti họ. Ìbọn kan ṣoṣo ni Bàbá ní, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà wọ́n pè mí kí n bá wọn yan ọ̀kan. Wọ́n ní ojú mi dà bí ojú àṣá. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ìyìn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

"Lọ́sàn-án," ni Bàbá wí, "kò sí awò tí kò dáa." A dúró títí oòrùn fi ń wọ̀, a wá fi wo igi obì ẹ̀yìnkùlé. Pẹ̀lú èyí tó kéré, mo ṣì ń ka ewé nígbà tí inú èyí tó tóbi ti di omi ẹlùbọ́. Wọ́n tún gbé wọn lé àpò iyẹ̀pẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n rọra mi orí sọ́tùn-ún sósì: bí okùn méjì tó dábùú ara wọn nínú rẹ̀ bá ń rìn kúrò lórí ewé, irọ́ ló ń pa. Ti awò ńlá ń rìn bí ọ̀mùtí. Kékeré ni mo mú, Bàbá sì gbà. Oṣù kan gbáko ni ẹran kò wọ́n nínú ọbẹ̀ wa. Wọ́n tiẹ̀ ń fún mi ní ẹ̀dọ̀ jẹ. Ẹ̀dọ̀! Èmi ọmọbìnrin!

Ẹ̀dọ̀ yẹn ló bí Ràímì nínú. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá tú awò náà sílẹ̀, ó gbé e gun igi máńgòrò, ó ń fi wo àwọn ìyàwó Àáfà tó múlé tì wá níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà nísàlẹ̀, mo rí i. Dígí rẹ̀ kò fọ́, ó nù ún, ó dá a padà. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá tàsé ẹtu lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n lẹ bébà mọ́ òkìtì ọ̀gán, wọ́n yin ọta mẹ́ta sí i: ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkẹta ò tiẹ̀ débẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó jù ú bọ́.

"Fátì ni," Ràímì wí kíá. "Mo sì kìlọ̀ fún un o."

Wọ́n fi ẹgba nà mí ní ìdí. Ẹgba yẹn ti jinná. Ohun tí kò jinná ni pé Bàbá ní àwọn gbàgbé pé obìnrin kì í fọwọ́ kan ohun ọdẹ, wọn ò sì pè mí wá wo nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi kú. Awò ńlá dídán ni wọ́n dè mọ́ ìbọn. Nínú igbó dídí tí ẹtu kì í jìnnà síni, ó ń fa ẹran súnmọ́ ojú jù: irun ni wọ́n ń rí, wọn ò rí ẹtu. Ìlasa lásán la jẹ títí ọdún fi yípo.

Lewisham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni Ràímì ń gbé báyìí. Ní gbogbo Sunday ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá sọ́dọ̀ mi ní Peckham, kó wá bá mi jẹ ìrẹsì tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Káfáyà ọmọ ọmọ mi, tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí bébà, gbé awò méjì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yá a wá sílé mi, kó lè yan ọ̀kan. Kí n tó mú jígí ojú mi, Ràímì ti gbé èyí tó tóbi sójú, ó ń fi wo òpópónà Rye Lane láti ojú fèrèsé.

"Mo ń rí ẹyinjú ẹja ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ yẹn! Eléyìí ni, Káfáyà!"

"Grandma, ẹ̀yin ńkọ́?" ọmọ náà bi mí. "Online, everybody says the big one."

Mo ní kó gbé e lé ìrọ̀rí, kó máa mi orí. Okùn rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Mo sọ òótọ́ fún un: bébà kì í sá, kì í sì wọ igbó, èyí tó tóbi ló dáa fún un.

"Ṣé o rí i?" Ràímì wí, dòdò kún ẹnu rẹ̀. "Èmi náà mọ awò yàn."

Ibẹ̀ ni sùúrù mi tán. Mo ro ẹjọ́ awò Bàbá fún Káfáyà látòkè délẹ̀, níṣojú Ràímì.

Láyé tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló jàre. Wọ́n á nà ọ́ tán kí wọ́n tó ronú àtibi ọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gba irú ẹ̀. Káfáyà gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí àgbàlagbà náà. "Grandpa Ràímì, is it true? Ẹ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́." Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ó jẹ dòdò ẹnu rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Èmi ni mo jù ú bọ́, Fátì," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìdí tìrẹ lẹ́ran ju tèmi lọ."