Aṣọ Tí Mo Gé fún Ìyá Rámátù

Òórùn èédú inú áyọ̀ọ̀nù ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí Ìgbájọ, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú mi nígbà náà, ó ju ọgbọ̀n lọ. Ọ̀gá á gbé ihò bọ́tìnnì fún mi láti rán lọ́sàn-án, màá rán, màá rán, màá gbójú sókè, oòrùn ò kúrò níbi tí mo fi í sí. Mo bi Láìdé tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ bóyá wọ́n so oòrùn mọ́lẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n so mọ́lẹ̀. Rán bọ́tìnnì ẹ."

Ìyá mi a máa sọ pé ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Mo rò pé ó fi ń tù mí nínú ni.

Mo gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, mo padà sí Ìlá, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ojú ọ̀nà Ọ̀rà, mo fẹ́ Sàádátù, a bí Rámátù. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, èmi ni mi ò tètè fura. Mo ti di télọ̀, ẹ sì mọ irọ́ télọ̀: "Ẹ wá lọ́la." Bùráímọ̀ tó ń wa mọ́tò lọ sí Ọ̀tan a dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú gbogbo èrò inú ọkọ̀ rẹ̀, á ní, "Télọ̀, ọ̀la tìrẹ yìí, ṣé wọ́n ti bí i?" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí sójà tún gba ìjọba, tí aṣọ di ọ̀wọ́n gógó, Sàádátù ta obì títí ó fi ra léèsì aláwọ̀ ewé kan. Ó ní kí n bá òun rán an fún Iléyá. Mo wọn ara rẹ̀, mo gé e. Bí mo ṣe gé e tán ni àwọn oníbàárà ya wọlé bí ìjàlọ. Nígbà tí Iléyá dé, gbogbo àdúgbò wọ aṣọ tí mo rán lọ sí yídì. Ìyàwó télọ̀ wọ ti èṣí.

Mo ní, "Má bínú, Ìyá Rámátù. Iléyá tó ń bọ̀."

Ó ní, "Bàbá Rámátù, èmi náà ti di oníbàárà yín nìyẹn."

Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n Iléyá tó ń bọ̀ dé kí n tó mí, òmíràn tẹ̀ lé e. Sàádátù bí ọmọ méjì sí i, ara rẹ̀ kún. Lọ́jọ́ kan ó fa léèsì náà yọ, ó tẹ́ ẹ mọ́ àyà, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹni tí ẹ wọ̀n ti lọ o!" Mo ní mo gé e fẹ̀, yóò gbà á. Mo tún ká a sínú àpótí.

Mi ò lè sọ ibi tí àwọn ọdún náà gbà kọjá. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo ránṣọ fún, mo mọ èyí tó ti kú nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìkómọ Rámátù àti ìgbéyàwó rẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e kúrò.

Léṣìí ni àìsàn dé sí Sàádátù. Ó ń rù, ó ń rù, mo ń fi ojú télọ̀ wò ó, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Mo rí i pé aṣọ náà ti tó o padà. Mo ní tí ara rẹ̀ bá yá, màá rán an. Èmi náà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọlọ́hun gbà á.

Lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́ rẹ̀, mo jókòó sídìí máṣíìnì nígbà tí mo kírun Àyílà ọ̀sán tán. Wọn ò tíì pe ìrun Alásárì ìrọ̀lẹ́ tí mo fi rán léèsì náà tán, tọrùn tọwọ́, pẹ̀lú ojú tó ti di bàìbàì. Ọ̀sán kan péré. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mò ń wá ibi tó kù tí mo tún lè rán. Kò kù.