Ìyá Keje

Ìyá mẹ́fà ló kú nínú kíláàsì mi kí aago mọ́kànlá tó lù láàárọ̀ yìí.

Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan nítòsí Mowé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì wọn ti dáa sí i láti ọdún tó kọjá, mo wá ní kí kálukú dìde, kó sọ ìtàn ara ẹ̀.

Ẹni mẹ́fà ló sọ̀tàn ìyá tó kú. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹkún kan náà. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Lotto, nítòsí ilé ìwé wa, ni wọ́n ti ra ìtàn náà, wọ́n sì há a sórí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dán, mo fún wọn ní máàkì.

Ẹni keje dìde, ó ń kólòlò. Ó ní ìyá òun kú.

Mo ní, "Jókòó jàre. O ò tiẹ̀ lè há tìẹ sórí. Mọ́ṣúárì ti kún."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ òdo síwájú orúkọ ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó jókòó.

Bí mo ṣe ń jáde ni olórí kíláàsì wọn sáré tẹ̀ lé mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tẹ́ ẹ ní kó jókòó yẹn, Ifọ̀ ló ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Àná ni wọ́n sin ìyá ẹ̀."

Nínú àwọn méje, òun nìkan ló sọ ìtàn ara ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ bá mi sọ ọ́: ojú wo ni màá fi wò ó lọ́la?