Ẹ̀rọ Wà Nínú Ọ́fíìsì, Tíṣà Mọ̀ríámọ̀ Kú Sójú Ọ̀nà

Ọjọ́ Sátidé, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni Tíṣà Mọ̀ríámọ̀ kú. Táyà mọ́tò tó wọ̀ bẹ́, mọ́tò sì gbókìtì wọgbó. Àwọn tó lọ gbé òkú sọ fún mi pé ìwé líle funfun fọ́n káàkiri koríko níbẹ̀, kò sí yíǹkì kankan lára rẹ̀, àwọn sì rò pé kò sí ẹni tó tíì kọ nǹkan sí i. Ọ̀rọ̀ kún ara rẹ̀ o. Bírélì ni, àwọn àmì kéékèèké tó yọ sókè lára ìwé, tí afọ́jú ń fi ìka kà. Iṣẹ́ bàọ́lójì ni, ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méje tí ojú wọn fọ́, tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò wáẹ̀kì lọ́dún yìí.

Kí ló ń wá ní Ọ̀yọ́? Ilé Bàbá Mátíù ló lọ, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Afọ́jú ni bàbá yìí, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ní ẹ̀rọ bírélì àtijọ́ kan nílé. Odidi ọdún méjì ni Tíṣà fi ń wọ mọ́tò ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tí yóò lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá náà, tí yóò máa tẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá tẹ ojú ewé kan tán, yóò ní kí Bàbá fọwọ́ kà á wò. Bí Bàbá bá rí àṣìṣe, yóò tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé kò sí ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni? Ó wà. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tuntun, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tó ń ka ìwé sókè fún ẹni tí kò ríran. Inú ọ́fíìsì pirinsípà ni wọ́n wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀.

Mo mọ̀, nítorí pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn dé. Ọnárébù gé ríbọ́n, wọ́n fún èmi akọ̀ròyìn ní àga iwájú. Mo ní kí Tíṣà gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ kan kí n lè ya fọ́tò. Ó rọra béèrè bóyá a lè tú náílọ́ọ̀nù ara rẹ̀ kí àwọn ọmọ náà lè fọwọ́ kàn án. Pirinsípà ní rárá, ó ní àwọn aláyẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ ìjọba ń bọ̀, tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá a. Mo ya fọ́tò mi. Lọ́sẹ̀ yẹn, lójú ewé yìí kan náà, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ìyà ti dópin fún àwọn ọmọ afọ́jú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ kan ṣoṣo kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan lójú mi.

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tí ìjọba bá fún wa, àlejò la máa ń tọ́jú rẹ̀ dè, bí ìyá tó ní àwo tańganran tí kò jẹ́ kí ọmọ ilé fi jẹun. Àwọn aláyẹ̀wò dé lóòótọ́. Wọ́n bá ẹ̀rọ nínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n sì kọ̀wé ìyìn sí pirinsípà pé ìtọ́jú ohun èlò rẹ̀ péye. Ṣé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ohun tí àwọn ọmọ fi ń kàwé ni?

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tíṣà pè mí. Ó kí mi, ó béèrè àwọn ará ilé mi, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ò tíì lò ó o."

Mo ní kó ṣe sùúrù, mo ní màá wò ó. Mi ò wo nǹkan kan. Bí mo bá kọ ọ́, gbogbo ayé á mọ̀ pé mo purọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọnárébù sì ń gbé fóònù mi nígbà yẹn, ó ń dùn mọ́ mi. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ta obìnrin yìí nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Bàbá Mátíù. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ti fẹ́ gbé ẹ̀rọ fún Tíṣà nígbà kan rí, ṣùgbọ́n wọ́n ka ohun tí mo kọ, wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní tirẹ̀, wọ́n bá gbé e gba ibòmíràn. Mo béèrè ìdí tí Tíṣà kò fi sọ fún mi. Bàbá ní, "Kò fẹ́ kí ojú tì yín ni." Ojú ti ń tì mí láti ìgbà náà, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sá sí.

Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni Tíṣà. Wọn ò gbà á síṣẹ́ láti kọ́ afọ́jú. Bàọ́lójì ni wọ́n gbà á fún, ṣùgbọ́n nígbà tí Asiyah wọ kíláàsì rẹ̀, ọmọ tí kò ríran láti kékeré, ó lọ kọ́ bírélì lọ́dọ̀ Bàbá Mátíù nítorí ọmọ náà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn nípa ọkàn, ó ra ọkàn ewúrẹ́ lọ́wọ́ alápatà, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó mú ìka Asiyah, ó fi í sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Asiyah ní títí di òní, òun lè ka gbogbo ihò náà lórí.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, pirinsípà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní àwọn yóò sọ yàrá tí wọ́n máa kó àwọn ẹ̀rọ náà sí ní orúkọ Tíṣà. Àwọn èèyàn ṣe àmín. Asiyah bá nawọ́ sókè, bí ẹni tó wà ní kíláàsì.

"Ṣé àwa náà máa lè wọ yàrá yẹn, sà?"

Pirinsípà ní ọ̀rọ̀ ìyẹn kì í ṣe ti òní. Mo jókòó síbẹ̀, mo dákẹ́.

Mi ò dákẹ́ mọ́. Wáẹ̀kì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sì sí ẹni tí yóò tẹ iṣẹ́ fún ọmọ méje yìí. Kí wọ́n kó ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti kọ̀ǹpútà yẹn sí kíláàsì ní Mọ́ńdè, kí wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ bírélì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kí ilé iṣẹ́ tó rán aláyẹ̀wò sọ orúkọ ẹni tó kọ̀wé ìyìn. Kí Ọnárébù wá sọ ìgbà tó tún padà wo ohun tó gé ríbọ́n lé lórí. Mo ti kọ̀wé sí olóòtú mi pé kó gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé irọ́ ni mo pa. Bó bá fẹ́ gba ojú ewé yìí lọ́wọ́ mi nítorí ẹ̀, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn tó rán Tíṣà Mọ̀ríámọ̀ sójú ọ̀nà yẹn, ẹ má ṣe fi pirinsípà ṣáájú. Tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.