Ọ̀já Túúlu

Ẹ máa ní irọ́ ni mò ń pa, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi kan wà ní Ugbonla, létí òkun, tí gbogbo èèyàn fi ọ̀já mọ̀. Ọ̀já tí ìyàwó rẹ̀ fi pọn ọmọ márùn-ún ló fi ń di orí bí túúlu bá dé. Túúlu rẹ̀ kì í sì í ṣàdédé dé: iná á kọ́kọ́ máa kọ mọ̀nà lójú rẹ̀, ọwọ́ òsì á kú fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ̀fọ́rí tó wọlé.

"Iná àwọn elépo rọ̀bì tó ń jó lójú òkun ló kó sí mi lójú," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó di ọ̀já mọ́rí, ó ń retí ẹ̀fọ́rí. Ẹ̀fọ́rí kò dé. Ló bá tú ọ̀já, inú rẹ̀ ń dùn.

"Túúlu ti gbàgbé mi lónìí."

Ẹnu rẹ̀ ti ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Bàbá Ìbejì, túúlu tí kò fọ́ni lórí, túúlu wo nìyẹn?"

Kò dúró gba èsì. Ọ̀já yẹn náà ló fi so ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, kó má baà ṣubú sómi, títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ní Igbokoda. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ló dì lọ́pọlọ, pé ọpẹ́ ni wọ́n tètè dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jí, ó ní orí ń fọ́ òun, ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kó fún òun ní ọ̀já. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló nà.